Màmá Onígò Gbẹ́sẹ̀ Lé Bàtà Dókítà

Ọjọ́ tí olóògbé Màmá Onígò gbẹ́sẹ̀ lé bàtà dókítà ni òkìkí rẹ̀ kan yíká ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì ni. Ìdí ìgò tí ẹ̀jẹ̀ ń ro sí láti àyà àwọn ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ ọkàn fún ló máa ń jókòó sí, ibẹ̀ ló ti gba orúkọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, dókítà ti dí ihò inú ọkàn ọmọdébìnrin olóṣù mẹ́jọ kan. Ó ti rẹ̀ ẹ́, ilé ló ń lọ. Ó wá bàtà tó bọ́ kó tó wọ yàrá iṣẹ́ abẹ tì, àfi ìgbà tó rí i lórí itan Màmá.

"Màmá, ẹ fún mi ní bàtà mi."

"Ẹ̀jẹ̀ ọmọ yìí ò dá, ọ̀gá mi." Bí Màmá bá ti pe èèyàn ní ọ̀gá, inú ti bí i nìyẹn.

"Gbogbo wọn ló máa ń ṣẹ̀jẹ̀ díẹ̀. Á dá."

"Díẹ̀ ti ta ni? Gbogbo ẹ̀jẹ̀ ara ọmọ yìí ò kún ìgò ọtí kan. Láàárín wákàtí kan, ìdá kan nínú mẹ́jọ ti bọ́ sínú ìgò tèmi. Ẹ̀yin lẹ kàwé, ẹ bá mi ṣírò èyí tó kù."

Dókítà ṣírò rẹ̀. Inú bí i, torí òótọ́ ni. Ó gbé ọmọ padà sórí tábìlì iṣẹ́ abẹ. Ojú ibi tó ń jò ò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, ẹ̀yìn ibi tí òun fúnra rẹ̀ rán ló sá pamọ́ sí. Ó rán an, ẹ̀jẹ̀ dá, bàtà jáde.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn alákòóso kọ̀wé sí Màmá pé kó ṣàlàyé ìdí tó fi gba bàtà dókítà. Ó fèsì lójú ìwé náà: "Kó má baà lọ."

Ó tún ṣẹlẹ̀ nígbà kan tí ẹ̀jẹ̀ ọmọ kan kọ̀ tí kò dì. Màmá lọ gba ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n máa fà sí i lára, àmọ́ akọ̀wé ibi tí wọ́n ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ sí ní ọ̀gá tó máa buwọ́ lùwé kí wọ́n tó fún un ti lọ jẹun.

"Ṣé ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà ti lọ jẹun ni?" Màmá wọ ilé oúnjẹ, ó mú ọ̀gá náà bọ̀ tòun ti ṣíbí lọ́wọ́. Wọ́n ní ṣíbí ọ̀hún ló kọ́kọ́ fẹ́ fi buwọ́ lùwé.

Ìgò pàápàá ò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "O ti mu tó, olójúkòkòrò," báyìí ló máa ń bá a wí.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, àìsàn dá a dùbúlẹ̀, iyè rẹ̀ sì ń ṣáko. Dókítà lọ kí i láàárọ̀ ọjọ́ kan. Màmá di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ọmọ bẹ́ẹ̀dì kẹta ńkọ́?"

Dókítà ò mọ ọmọ tó ń wí. "Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti dá, Màmá."

"Ta ló wò ó?"

"Èmi ni."

"Ẹ lọ tún un wò."

Dókítà rẹ́rìn-ín jáde. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n sọ fún un pé Màmá ti lọ. Ó wọ wọ́ọ̀dù, ó fa àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì kẹta, ó sì jókòó ti ọmọ tó wà níbẹ̀.