Ẹ̀rọ Tí Kò Ka Òní Mọ́ Ọjọ́ Ọjà

Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni mí nígbà tí mo wà ní kékeré lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí ní Ẹ̀jìgbò, ṣùgbọ́n nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ni mí, ọmọbìnrin mi sì ni olùkọ́ mi.

Nígbà tó wà ní yunifásítì, ó fi èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe ìṣirò kọ ètò kan tó ń sọ ọjọ́ tí ọjà kan lọ́nà Màsífà máa bọ́ sí. Láìpẹ́ yìí, kí fóònù lè lò ó, ó ní kí ẹ̀rọ, ìyẹn ọpọlọ àtọwọ́dá tí wọ́n ń pè ní AI, túmọ̀ rẹ̀ sí èdè kọ̀ǹpútà mìíràn. Kíá, ẹ̀rọ ti ṣe é.

Aládùúgbò wa kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Àbíjáàn dé, tí kò tíì mọ ọjọ́ ọjà wa, ló kọ́kọ́ lò ó. Ọjọ́ ọjà àkọ́kọ́ tó sọ fún un tọ̀nà. Nígbà kejì, ìsọ̀ òfìfo ló bá.

"Pàpá Tíṣà, ewúrẹ́ ni mo bá lọ́jà! Ṣé àwọn ni kí n ta tòmátì fún? Ó ti ń rọ̀. Bí ọjà tó ń bọ̀ bá tún fò mí, mo gbé!"

Mo ní bóyá àmì ohùn ló sọnù nínú ètò náà. Ọmọ mi ní, "Bàbá, ẹ jókòó." Ó bi ẹ̀rọ bóyá ó ṣi ibì kan túmọ̀. Ẹ̀rọ ní, "O ṣeun, kò sí àṣìṣe." Mo ní kí ó sọ fún un pé "ẹ" là ń sọ fún àgbà. Ẹ̀rọ dáhùn pé, "Ẹ má bínú, o tọ̀nà."

Ni ọmọ mi bá gbé ti àtijọ́ àti ti tuntun sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ó ń kà wọ́n ní ìlà-ìlà. Ó bú sẹ́rìn-ín. Òun ti kọ ọ́ pé kí a fi ọjọ́ mẹ́rin kún ọjọ́ ọjà láti rí òmíràn, ó sì kọ àlàyé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé, "Ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún." Ẹ̀rọ ka àlàyé, ó rò pé àṣìkọ ni, ó sọ mẹ́rin di márùn-ún! Kò mọ̀ pé bí àwa bá ń ka ọjọ́ ọjà, a máa ń ka òní mọ́ ọn.

Ọmọ mi dá mẹ́rin padà. Aládùúgbò wa fojú burúkú wo fóònù, ṣùgbọ́n ó lọ sọ́jà lọ́jọ́ tí fóònù sọ. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, láti ìta la ti gbóhùn rẹ̀.

"Pàpá Tíṣà, tòmátì mi tán pátá! Ọmọ yín ni ọmọ yìí lóòótọ́."

"Ti ọjọ́sí ńkọ́?"

"Ọmọ ìyá rẹ̀ ni nígbà yẹn."

Ayé ti yí. Ẹ̀yìn ìyá wa la ti mọ ọjọ́ ọjà. Lónìí, à ń bi ẹ̀rọ tí kò dé ọjà rí. Kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí kọ́gbọ́n: bí ẹ̀rọ bá bá yín túmọ̀ iṣẹ́, ẹ kà á ní ìlà-ìlà kí ẹ tó fi rán ẹnikẹ́ni lọ sọ́jà.