Kepas Oníwọ̀n àti Àpò Ọ̀dùnkún Mẹ́rin

Ẹni tí kò bá mọ Kepas ní Tapmai, abúlé wa, kò tíì wọ bàálù níbẹ̀ rí ni. Òun ló ń wọn èèyàn àti ẹrù lórí pápá wa kí bàálù kékeré tó gbé wọn fò. Orí òkè ni pápá ọ̀hún wà, ó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sísàlẹ̀, ọ̀gbun ló sì wà ní ìdí rẹ̀. Bàálù tí ẹrù rẹ̀ bá pọ̀ jù níbẹ̀, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí i.

Ọjọ́ tí bàálù bá wá nìkan ni Kepas ń rí èèyàn bá sọ̀rọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Norin, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ti bá ọkọ lọ sí Madang létí òkun, bàbá kì í sì í lọ máa gbé ilé àna. Ọjọ́ tó kù, òun àti ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀ ni. Ẹlẹ́dẹ̀ ọ̀hún pàápàá, tó bá wù ú ló ń dáhùn.

Òṣùwọ̀n àtijọ́ tí àwọn fadá òyìnbó fi sílẹ̀, pọ́n-ùn ló ń kà. Kílò sì ni àwọn oníbàálù ń fẹ́. Kepas a wo ohun tó kà, a pín in sí méjì, a yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá kúrò, a wá pariwo èyí tó kù. Ó ti mọ́ ọn lẹ́nu bí àdúrà. Nígbà tí wọ́n gbé òṣùwọ̀n tuntun wá, Craig tó ń wa bàálù wọn fọwọ́ lé e léjìká.

"Papa, kílò ni eléyìí ń kà o. Ẹ ò ní pín nǹkan kan mọ́. Bẹ́ ẹ bá ṣe rí i ni kẹ́ ẹ ṣe pè é."

"Ṣé mo dà bí ọmọdé lójú ẹ ni? Mo ti gbọ́."

Ó gbọ́ lóòótọ́. Ó sì ń ṣe é bẹ́ẹ̀, títí Norin fi wálé.

Ó ti pẹ́ tí Norin ti wálé kẹ́yìn. Ó gbé Delma dání, ọmọ tí bàbá àgbà ò rí rí. Ọmọ jẹ ọ̀dùnkún sísun, ó fa irùngbọ̀n bàbá, ó sùn sí i láyà. Inú Kepas dùn débi pé ó ń bá ẹlẹ́dẹ̀ ṣàwàdà.

"Bí ọmọ yìí ò bá ti bẹ̀rù bàálù," Norin sọ fún un, "ọdọọdún la ó máa wá ṣe Kérésì lọ́dọ̀ yín, Papa."

Kérésì ọdọọdún! Kí ni bàbá arúgbó tún ń wá láyé?

Lọ́jọ́ tí wọ́n máa lọ, Kepas wọn Norin, ó pè é bó ṣe rí. Ó gbé Delma lé òṣùwọ̀n, ọmọ rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn, ó figbe ta pé òun ò lọ mọ́, ọ̀dọ̀ Bubu, bàbá àgbà òun, lòun ó wà. Omi lé ròrò sí bàbá àgbà lójú. Làwọn ọ̀dọ́ tó dúró yí ká bá bú sẹ́rìn-ín.

"Bàbá Oníwọ̀n, ẹ wọn omijé yẹn náà o, kó má lọ pọ̀ jù!"

"Ẹ panu mọ́, ẹ̀yin aláìníṣẹ́ yìí."

Ẹrù ló kù. Wọ́n gbé àpò ọ̀dùnkún àkọ́kọ́ lé òṣùwọ̀n, ó ka àádọ́ta. Wọ́n ní béèyàn bá ń sunkún, á máa ríran. Kepas ò ríran. Ojú rẹ̀ wà lára ọmọ tí wọ́n ń gbé wọ bàálù, ẹnu rẹ̀ sì ṣe ohun tó ti ń ṣe látọjọ́ pípẹ́.

"Kílò méjìlélógún àti ààbọ̀!"

"Ṣé kò jù bẹ́ẹ̀ lọ?" Craig ní. "Ó dáa, ẹ gbé sí i wá."

Àpò mẹ́rin ló wọlé, bákan náà ni Kepas sì ṣe pè wọ́n.

Bàálù sáré lọ sísàlẹ̀. Ó sáré, ó sáré, kò gbéra. Ẹ̀rín kú lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́. Ó dé etí ọ̀gbun, ó rì, a ò rí i mọ́. Yéè! Ìgbà yẹn gan-an ni Kepas rántí pé kílò ni òṣùwọ̀n tuntun ń kà. Ó káwọ́ lérí, ó jókòó sínú ẹrẹ̀.

"Mo ti pa wọ́n! Mo ti fọwọ́ ara mi pa ọmọ mi!"

Ó pẹ́ kí bàálù tó yọ lókèèrè, ó ń rá pálá gòkè.

Ẹnikẹ́ni ò kú. Nígbà tí Craig padà wá, ó gbé òṣùwọ̀n fún ẹlòmíì, kò sì bú Kepas rárá. Ó sàn kó bú u. Láti ọjọ́ náà, bí bàálù bá dé, Kepas a jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, a máa gbọ́ ohùn àwọn èèyàn láti ọ̀hún.

Nígbà tí Kérésì ń sún mọ́lé, Norin pè é lórí fóònù.

"Papa, inú ò bí mi. Ta ni kì í ṣàṣìṣe? A ṣì ń bọ̀."

"Delma ńkọ́?"

"Tó bá gbọ́ ìró bàálù, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ń sá sí. Ṣùgbọ́n mo ní ọ̀dọ̀ Bubu là ń lọ, ó ní kò burú, òun á di ojú òun."

Kepas fojú inú rí ọmọ náà níbi tó ti di ojú, tí bàálù ń rì sí ọ̀gbun.

"Ẹ má wá."

"Kí lẹ wí, Papa?"

"Mo ní ẹ má wá! Ẹ jókòó síbi tẹ́ ẹ wà."

Ó le ohùn mọ́ ọn, kó má baà gbọ́ ẹkún níbẹ̀. Norin rò pé ṣe ni bàbá òun ò fẹ́ rí àwọn mọ́. Ó ní, "Ó dáa, Papa," ó sì pa fóònù.