Obìnrin Tó Gbé Ẹjọ́ Àbúrò Rẹ̀ Gun Lífìtì

Ní iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, níbi tí mo ti fi ọdún mọ́kànlá jókòó sídìí tábìlì tí wọ́n ti ń gba àlejò, obìnrin kan wà tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Lífìtì. Àpótí kékeré kan ló ń jókòó lé nínú lífìtì àtijọ́ ilé náà. Á fa ilẹ̀kùn onírin pa, á ti ọwọ́ irin síwájú, á sì gbé èèyàn dé àjà tó bá ń lọ. Àjà mẹ́sàn-án ni ilé yẹn ní. Lífìtì náà ti darúgbó, ó máa ń kérora bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun, ìṣẹ́jú kan àtààbọ̀ gbáko ló sì fi ń gòkè láti ìsàlẹ̀ dé àjà kẹsàn-án.

Ẹ̀rín ìyá yìí máa ń dé ṣáájú rẹ̀. Bí lífìtì bá wà lájà karùn-ún, àwa tí a wà nísàlẹ̀ ti mọ̀ pé ó ń bọ̀. Ó mọ ẹni tí òun àti ìyàwó rẹ̀ jọ fa ọ̀rọ̀ láàárọ̀, ó mọ ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bá wí. Ó ní gbogbo èèyàn ló ń wo ilẹ̀ nínú lífìtì, àfi ẹni tí ọ̀rọ̀ bá wà nínú rẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ ti kú, kò sì bímọ. Àbúrò kan ṣoṣo ló kù fún un, òun ló sì tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn tí ìyá wọn kú. Àbúrò yìí ń ṣe awò ojú ní orílẹ̀-èdè kan tí ọkọ̀ òfuurufú ń fi wákàtí mẹ́sàn-án fò dé. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ló máa ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù. Ọjọ́ Àìkú kan dé, fóònù ò dún. Ìkejì dé, kò dún. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kẹta ni arìnrìn-àjò kan mú àpò awò ojú kan wá fún un. Lẹ́tà ni wọ́n ká róbótó sínú rẹ̀.

Lórílẹ̀-èdè yẹn, ìjọ tí ìjọba bá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nìkan ló lè péjọ. Òun àti àwọn mọ́kànlá mìíràn ń gbàdúrà ní iyàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nígbà tí ọlọ́pàá wọlé, tí wọ́n kó ìwé mímọ́ wọn, tí wọ́n sì kó àwọn náà. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn wọ́n ni pé wọ́n ń da ìlú rú, àwọn méjìlá tí ohùn wọn ò kọjá ẹnu ọ̀nà. Ní ẹ̀wọ̀n ni wọ́n ti bá àwọn méje kan tí ẹ̀sìn tiwọn yàtọ̀, tí ẹ̀ṣẹ̀ wọn sì jẹ́ ọ̀kan náà. Ibi tí lẹ́tà náà parí sí nìyí: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bẹ̀bẹ̀ fún èmi nìkan o. Àwa mọ́kàndínlógún la wà níbí, mo sì ti kọ orúkọ gbogbo wa sẹ́yìn ìwé. Bí ìlà mi bá wọ́, ẹ má bínú. Wọ́n ti tẹ awò ojú mi fọ́, èmi tí mò ń ṣe é fún gbogbo ayé."

Ìdí tábìlì mi ló ti kà á. Ó sunkún títí, ó dé ibi ọ̀rọ̀ awò ojú, ó bú sẹ́rìn-ín láàárín ẹkún. Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Ó nu ojú, ó ní, "Ó ṣì ń ṣẹ̀fẹ̀. Wọn ò tíì rí i pa."

Ọ̀nà tó tọ́ ló kọ́kọ́ gbà. Ó kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí àjà kẹrin. Wọ́n ní àwọn á yẹ̀ ẹ́ wò. Kò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ tó rí fáìlì tirẹ̀ lábẹ́ abíyá òṣìṣẹ́ kan tó ń lọ sí àjà keje. Lọ́sẹ̀ kejì, ó tún fi lífìtì gbé e padà sí àjà kẹrin. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀karùn-ún, ó ti ń kí fáìlì náà bí ẹni kí mọ̀lẹ́bí: "Ẹ kú ìrìn o. Ìgbà wo lẹ ó tó jókòó?"

Bó ṣe di pé ó bá mínísítà fúnra rẹ̀ sọ ọ́ nìyẹn. Aago mẹ́jọ ààbọ̀ ni mínísítà máa ń wọlé láàárọ̀, ó sì máa ń dá wọ lífìtì.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Mo ní àbúrò kan tó ń ṣe awò ojú."

Mínísítà gbójú sókè. Kí wọ́n tó dé àjà kẹfà, ó ti mọ bí ṣọ́ọ̀bù náà ṣe rí, ó mọ̀ pé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń dún kíì. Wọ́n dé òkè, ìyá ṣílẹ̀kùn.

"Àjà kẹsàn-án, sà. Lọ́la la ó dé ibi tí ọlọ́pàá ti wọlé."

Mínísítà ti gbé ẹsẹ̀ kan síta. Ó dá a padà. "Kí ni ọlọ́pàá wá ṣe níbẹ̀?"

"Àwọn èèyàn ń dúró nísàlẹ̀, sà."

"Ẹ gbé mi sọ̀kalẹ̀ nígbà náà, kẹ́ ẹ máa sọ ọ́ lọ."

Wọ́n sọ̀kalẹ̀, wọ́n gòkè, wọ́n tún sọ̀kalẹ̀. Gbogbo àjà ló ń rí mínísítà tó ń kọjá nínú irin bí ẹyẹ inú àgò. Wọ́n ní ó sọ nǹkan nù. Wọ́n ní ó ń yẹ lífìtì wò, bàbá tó ń tún ẹ̀rọ ilé ṣe bá fi eré sá jáde pẹ̀lú sípánà lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n gòkè lẹ́ẹ̀kẹta, àwọn ọ̀gá méjì wọlé bá wọn. Ọ̀kan ni ọkùnrin tí a ń pè ní Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ nítorí kì í gbóhùn sókè. Èkejì ni obìnrin tí a ń pè ní Ọ̀gá Kíákíá, ìdí rẹ̀ ò sì ṣòro mọ̀. Mínísítà gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú wọn lójú ẹsẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ ìlú onílùú ni, sà," Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ wí. "Bí a bá pariwo, àwọn tó wà lẹ́wọ̀n ni wọ́n máa gbẹ̀san lára wọn. Ẹ jẹ́ ká bá wọn sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀."

"Ní kọ̀rọ̀ títí di ìgbà wo?" Ọ̀gá Kíákíá dá a lóhùn. "Ẹ jẹ́ ká dá gbogbo òwò dúró lónìí."

Mínísítà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a ò bá sọ fún un, kò ní jẹ́ ká sùn. Ó yíjú sí ìyá. "Ẹ̀yin ńkọ́?"

Ìyá Lífìtì fi ọwọ́ kan irin, kò tì í. "Sà, mi ò kàwé tó wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń lu ọmọ nínú iyàrá, bí aládùúgbò bá kan ilẹ̀kùn, ọwọ́ rẹ̀ á rọ̀. Aládùúgbò ò ní fọ́ ilẹ̀kùn, kò sì ní kọjá lọ. Á kàn án, á sì dúró síbẹ̀. Ẹ rán aṣojú wa lọ jókòó ní kóòtù nígbàkigbà tí wọ́n bá pe ẹjọ́ náà. Kó pe orúkọ gbogbo àwọn mọ́kàndínlógún. Bó bá jẹ́ àwọn tó ń gbàdúrà bíi tiwa nìkan la gbà sílẹ̀, wọ́n á ní ẹbí wa là ń gbèjà. Ẹni tó bá sá jáde, ẹ ṣílẹ̀kùn fún un. Ẹ má sì dá oúnjẹ àti oògùn dúró, torí ẹni tó pàṣẹ kọ́ ni ebi máa pa."

Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ wúkọ́ díẹ̀. "Ìyá, ṣé a ò tíì kọjá àjà mi?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì, sà."

Ohun tí wọ́n ṣe gan-an nìyẹn. Aṣojú wa lọ jókòó ní ìlà iwájú ní kóòtù. Adájọ́ sún ẹjọ́ síwájú, aṣojú tún wá, ó sì mú tìmùtìmù dání torí bẹ́ǹṣì wọn le. Nígbà ìjókòó kẹta, aṣojú orílẹ̀-èdè mẹ́rin mìíràn ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá jáde, ó máa ń dúró sórí àtẹ̀gùn, á ka orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, á sì máa ṣi orúkọ gígùn pè, títí àwọn ẹ̀ṣọ́ kóòtù fi bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe fún un. Láìpẹ́, wọ́n ti mọ gbogbo rẹ̀ sórí. Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ ń sọ tirẹ̀ lórí fóònù, jẹ́jẹ́. Ọ̀gá Kíákíá kọ̀ láti fún àwọn tó pàṣẹ ìmúni náà ní ìwé àṣẹ ìwọ̀lú.

Oṣù méje lẹ́yìn náà, lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, fóònù dún lórí tábìlì mi. Mo gbọ́ ọ, mo ju gègé sílẹ̀. Lífìtì wà lókè, mo bá gba àtẹ̀gùn. Mo dé àjà kẹta, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá sísàlẹ̀ ni. Mo sá padà dé ìkejì, ó ti gòkè. Àjà kẹfà ni mo ti wá bá a, èémí ò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀, mo kàn na ìka mẹ́wàá sókè, mo tún na mẹ́ta.

"Kí ló ṣe ẹ́? Ṣé ìka ń dùn ẹ́ ni?"

"Wọ́n ti tú àwọn mẹ́tàlá sílẹ̀. Àbúrò yín wà nínú wọn."

Ó fa ilẹ̀kùn pa, ó ti irin, lífìtì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ó dé òkè, ó sọ̀kalẹ̀, ó tún gòkè, kò dúró níbì kankan fún ogún ìṣẹ́jú. Ẹ̀rín nìkan la ń gbọ́ tó ń kọjá lẹ́yìn ògiri. Àwọn òṣìṣẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú fáìlì láyà, àwọn náà ń rẹ́rìn-ín, ọ̀pọ̀ wọn ò mọ ohun tí wọ́n ń rín. Mo fojú ara mi rí Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ tó ń dá jó ní kọ̀rọ̀ àtẹ̀gùn, tó di táì rẹ̀ mú kó má bàa fì. Kò sẹ́ni tó ní kí lífìtì dúró.

Àbúrò dé lọ́sẹ̀ kejì, ó ti rù kan egungun, ó sì mú ọkùnrin méjì dání lára àwọn ẹlẹ́sìn kejì, tí wọn ò ní ibi tí wọ́n lè padà sí. Mínísítà ti fọwọ́ sí ìwé wọn. Inú iyàrá méjì ìyá ni gbogbo wọn kó sí. Ní ọ̀sán àkọ́kọ́, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sùn sórí ẹní kan. Ọ̀kan kùn lójú oorun pé "Ó yá," àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá yíra padà lẹ́ẹ̀kan náà, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe ní iyàrá ẹ̀wọ̀n tó há. Ìyá ní òun ò mọ̀ bóyá kí òun sunkún ni tàbí kí òun rẹ́rìn-ín, òun bá jókòó sílẹ̀, òun ṣe méjèèjì. Bí ó bá di àkókò oúnjẹ, kálukú á gbàdúrà lọ́nà tirẹ̀, èyí á pẹ́ ju tọ̀hún lọ, ìyá á sì máa wí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo pé, "Ọlọ́run ti gbọ́. Oúnjẹ ló ń tutù."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ṣí ṣọ́ọ̀bù awò ojú báyìí lódìkejì títì sí iléeṣẹ́ wa. Ọ̀gá Kíákíá ni oníbàárà àkọ́kọ́, ó sì fẹ́ gba tirẹ̀ lọ́jọ́ náà. Wọ́n ti tú méjì sí i sílẹ̀. Mẹ́rin ló ṣì wà níbẹ̀. Aṣojú wa ń lọ, ó ń jókòó, wọ́n sì sọ fún mi pé tìmùtìmù rẹ̀ ti ya, ó ti ra òmíràn.