Ọjọ́ Tí A Búra Pé A Kò Ní Bẹ Ọlọ́pàá

Kí wọ́n tó tún títì wa ṣe ní Ìpẹ̀rú, kòtò ló ń bá wa ṣọ́ ẹ̀mí wa. Awakọ̀ tó bá fẹ́ sáré, ẹ jẹ́ kó sáré, táyà rẹ̀ ni yóò sọ fún un. Ìgbà tí wọ́n wá da ọ̀dà sí i, tó ń dán, tí wọ́n fi kọnkéré pín in sí méjì láàárín, a pa màlúù, a jó, èmi náà jó. Oṣù yẹn ò tíì parí tí àwọn tírélà tó ń sá fún súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ojú ọ̀nà márosẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í gba àárín ìlú wa kọjá bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀.

Màmá mi ló sọ mí di aláriwo lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Apá kan títì ni ilé wa wà, apá kejì ni ṣọ́ọ̀ṣì, màmá kì í sì í pa àdúrà àárọ̀ jẹ. Mo ní, "Màmá, ẹ máa gbàdúrà nílé, Ọlọ́run ń gbọ́." Wọ́n ní ṣé èmi ni mo fẹ́ máa kọ́ àwọn níbi tí Ọlọ́run ti ń gbọ́ àdúrà. Láràárọ̀, bí mo bá ti gbọ́ fèrè tírélà lórí ibùsùn mi, àyà mi á já. Mo ní rárá o, mi ò ní jókòó kí títì pa ìyá mi. Kánsẹ́lọ̀ ni mí, ọ̀rọ̀ sísọ niṣẹ́ wa.

Bẹ́ẹ̀ ni àwa kánsẹ́lọ̀ ṣe pe ọ̀gá tẹ́ṣàn ọlọ́pàá wá sí gbọ̀ngàn ìjọba ìbílẹ̀, kó wá gbọ́ ohun tó ń dun ìlú nípa ààbò àti ojú pópó. Ẹ kúkú mọ ìpàdé wa. A gba àdúrà onígbàgbọ́, a gba ti mùsùlùmí, a dá ara wa mọ̀ fún ara wa, àwa tí a jọ ń jókòó pọ̀ lójoojúmọ́. Ẹni tó ní oyè, a ka oyè rẹ̀. Ẹni tí a gbàgbé, ó bínú, a tún bẹ̀rẹ̀ látòkè. Kí ọ̀rọ̀ tó kan títì, ọ̀gá tẹ́ṣàn ti wo aago ọwọ́ rẹ̀ títí ó ti sú u.

Kánsẹ́lọ̀ kan ní kí ọlọ́pàá àti fijilanté jọ máa ṣọ́ àdúgbò. Òmíràn ní kí wọ́n máa gbé ẹnì kan dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́. Nígbà tó kàn mí, mo dìde. Tíṣà ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, mi ò nílò makirofóònù. Mo ní, "Ọ̀gá, ọlọ́kadà tó bá ń gba wan-wé, tó ń dojú kọ ọkọ̀ tó ń bọ̀, ẹ gbé e! Ẹ má wojú ẹnikẹ́ni. Ẹ gbé e, kẹ́ ẹ tì í mọ́lé!" Gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́.

Ọmọ Ìlọrin ni ọ̀gá tẹ́ṣàn wa, ẹni pẹ̀lẹ́ ni. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Ẹ̀yin àgbà, ẹ jẹ́ ká má tan ara wa. Bí mo bá gbé wọn lónìí, ẹ̀yin náà lẹ máa wá bẹ̀ mí lọ́la. Ẹ máa ní ọmọ àbúrò yín ni, ọmọ ìjọ yín ni, òun ló bá yín lẹ pósítà nígbà ìdìbò."

Háà! Inú bí wa. Alága wa nawọ́ sókè, ó ní ìbáà ṣe ọmọ tí òun bí nínú ara òun, kí wọ́n gbé e. Ẹnì kan fi Bíbélì búra, ẹnì kan fi Kùránì. Èmi ní tèmi ní bí wọ́n bá rí mi ní tẹ́ṣàn tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún arúfin, kí wọ́n ti èmi náà mọ́lé. Ẹ ò bá rí bí mo ṣe ga tó lọ́jọ́ náà.

Ọ̀gá tẹ́ṣàn ò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tutù. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọlọ́pàá ti kún ẹ̀gbẹ́ títì. Ibi tí mo ti ń mu ẹ̀kọ ni aládùúgbò wa kan ti wá sọ fún mi pé wọ́n ti kó àwọn ọlọ́kadà tó ń gba wan-wé, àtàwọn àti ọ̀kadà wọn. Inú mi dùn dé gongo. Mo wọ aṣọ tó dáa, mo wé gèlè, mo ní ó yẹ kí kánsẹ́lọ̀ lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ọlọ́pàá tó ṣiṣẹ́. Ọpẹ́ ni mo ń bá lọ o, ẹ gbọ́ mi dáadáa.

Ẹni tí mo kọ́kọ́ rí lábẹ́ igi máńgòrò iwájú tẹ́ṣàn ni alága wa. Ó ní òun kàn ní kí òun yà kí ọ̀gá ni. Láàárọ̀ kùtùkùtù yìí? Ó ní ẹ̀hẹ́n. Ẹni tó fi Bíbélì búra wà lẹ́yìn rẹ̀, òun ní ìwé ọkọ̀ òun ló sọnù. Ẹni tó fi Kùránì búra ò tiẹ̀ purọ́ ní tirẹ̀, ó ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú káńtà, ó ń sọ pé àna òun ni, pé àna òun ò gbọ́ pé òní ló máa bẹ̀rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo ní, "Ẹ̀yin ọkùnrin yìí, ẹ ò mà nítìjú o!"

Ẹ̀rín yẹn ni mo ṣì ń rín tí ọ̀gá tẹ́ṣàn fi yọ sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀. Ó kí mi, ó ní, "Ẹ wọlé, mà. Màmá yín wà nínú níbí."

Màmá ta ni?

Màmá mi ni. Wọ́n jókòó sórí àga àlejò, ìwé orin wà lórí itan wọn. Àṣé lára àwọn ọ̀kadà tí wọ́n mú láàárọ̀ náà, ọ̀kan gbé ìyá àgbà sẹ́yìn. Ọlọ́pàá ní kí ìyá sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n máa lọ sílé. Màmá ní àwọn ò relé kankan, ibi tí wọ́n bá ń gbé ọlọ́kadà àwọn lọ ni àwọn náà ń lọ. Bí wọ́n ṣe gun ọkọ̀ ọlọ́pàá nìyẹn o, iwájú ni wọ́n sì jókòó sí.

"Màmá! Ẹ̀yin lẹ gba wan-wé?"

"Èmi ni mo ní kó gbà á," ni màmá wí. "Kí wọ́n ti èmi mọ́lé, kí wọ́n fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀."

Rẹ́mọ pọ́ńbélé ni wọ́n ń sọ, ọ̀gá tẹ́ṣàn ò gbọ́ ju ìdajì lọ, èmi ni mo wá di ògbufọ̀. Ẹ bá mi wo ìyọnu. Èmi tí mo ní kí wọ́n ti arúfin mọ́lé ni mò ń bá arúfin túmọ̀ ọ̀rọ̀, ìyá tó bí mi sì ni arúfin ọ̀hún.

Mo bínú, kì í ṣe díẹ̀. Mo ní, "Màmá, torí yín ni mo ṣe ń pariwo káàkiri. Ẹ̀ẹ́ ti ṣe é tí ẹ ò lè rọra fẹsẹ̀ kọjá bí ẹ ti ń ṣe látijọ́? Kẹ́ ẹ wo ọ̀tún, kẹ́ ẹ wo òsì, kẹ́ ẹ kọjá!"

Màmá nawọ́ mú ìwé orin wọn. Wọ́n ṣí i, wọ́n pa á dé. Wọ́n wá sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ọlọ́pàá gbọ́: "Ojú mi ò rí ọkọ̀ mọ́. Ariwo rẹ̀ ni mò ń gbọ́, mi ò mọ ibi tó ti ń bọ̀."

Wọ́n ní láti ìgbà tí títì ti di tuntun ni ọkùnrin ọlọ́kadà yẹn ti ń wá gbé àwọn lẹ́nu ọ̀nà. Ibi tí ìjọba là fún ọkọ̀ láti yí padà jìnnà réré, lọ́nà Ṣàgámù, àárín tírélà ni wọ́n máa gbà débẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá gba òdì díẹ̀, tó rọra tọ ẹ̀gbẹ́, ó máa bọ́ síbi tí kọnkéré ti já. Á dúró níbẹ̀, á wo títì, á tó kọjá. "Ó ń bá mi wò ó," ni màmá wí.

Mo ní, "Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Ìwọ? Ilé lo máa tì mí mọ́."

Ọ̀gá tẹ́ṣàn ò mẹ́nu kan ohun tí mo sọ nípàdé. Ìbá tiẹ̀ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ìbá sàn fún mi. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ tèmi ti gèlè, ọkùnrin tí mo lè bí lọ́mọ, mo bẹ̀ ẹ́. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, alága wa ń wò mí látìta, kò sì rẹ́rìn-ín, ó ń retí kó kan òun ni.

Ọ̀gá ní òun ò lè fi ẹnì kan sílẹ̀ kí òun mú ìyókù dání, ló bá tú gbogbo wọn sílẹ̀. Tírélà kankan ò sí níbẹ̀ tí wọn ì bá tú sílẹ̀. Kò sẹ́ni nínú wa tó ní kí wọ́n mú tírélà.

Níta, ọlọ́kadà náà nu àga ọ̀kadà rẹ̀ fún màmá, ó bá wọn gbé ẹsẹ̀ gùn ún. Ó wo ọlọ́pàá, ó wo èmi. Ó ní, "Màámi, ọ̀nà wo ni kí a gbà lọ sílé?"

Tírélà méjì sáré kọjá, eruku bo wa lójú. Màmá kọjú sí ibi tí tírélà ò ti wá rárá, wọ́n ń tẹ́tí.

Mo ní, "Ẹ gba ibi tí ẹ máa ń gbà. Jọ̀ọ́, bá mi wò ó dáadáa."