Àpò Tí Abẹ́rẹ́-ò-Sinmi Rán

Bí ẹ bá dé àdúgbò náà tí ẹ béèrè aránṣọ tó mọṣẹ́ jù, ẹni àkọ́kọ́ tí ẹ bá pàdé á nàka sí ilé Abẹ́rẹ́-ò-Sinmi. Àwọn oníbàárà ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ogún ọdún títí tó fi lé ní ọgọ́ta, kò sẹ́ni tó wọlé tọ̀ ọ́ tí kò bá abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tàbí láàárín ètè rẹ̀. Ó lè fi abẹ́rẹ́ sẹ́nu kó máa bá oníbàárà jà, kó sì tún rẹ́rìn-ín, abẹ́rẹ́ ò ní já bọ́. Ìgbéraga tirẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ: ó ní kò sí ohun tí wọ́n lè fi aṣọ ṣe tí òun ò lè rán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí òun ló bí gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ.

Ilé rẹ̀ ò ju yàrá méjì àti pálọ̀ kan. Pálọ̀ ni ṣọ́ọ̀bù. Máṣíìnì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tábìlì ìgéṣọ wà láàárín, àjákù aṣọ kún inú garawa méjì, kápẹ́ẹ̀tì tó ti gbó sì tẹ́ sílẹ̀ tó ti gba fọ́nrán òwú ọ̀pọ̀ ọdún sínú. Yàrá kejì ni ọmọ ọmọ rẹ̀ ń sùn, ọmọ ọdún méje. Bọ́tìnnì ni wọ́n ń pè é, nítorí nígbà tí wọ́n gbé e dé, ó kéré, ó rí róbótó, ó sì lẹ̀ mọ́ àyà màmá àgbà bí ohun tí wọ́n rán mọ́ ọn.

Ìyá Bọ́tìnnì ni ọmọ kan ṣoṣo tí Abẹ́rẹ́-ò-Sinmi bí. Ó kú nígbà tí Bọ́tìnnì pé ọdún méjì. Àwọn àgbà máa ń gbàdúrà pé kí abẹ́rẹ́ lọ kí ọ̀nà okùn tó dí. Ní ti obìnrin yìí, okùn ló ṣáájú. Kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀, àmọ́ nínú ìwé tó ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà sí, ojú ewé àkọ́kọ́ ṣì ni ìwọ̀n ọmọ rẹ̀: àyà, ìbàdí, apá. Kò ya á, kò sì kọ ìwọ̀n ẹlòmíràn lé e.

Bàbá Bọ́tìnnì, tíṣà kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú mìíràn, ti fẹ́ ìyàwó tuntun, ẹni tí Bọ́tìnnì ń pè ní Àǹtí. Èèyàn dáadáa ni ọkùnrin náà, kò sí irọ́ níbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ pé, "Màmá, ọmọ yín ló lọ. Ẹ jẹ́ kí eléyìí máa tù yín nínú." Bí ọmọ náà ṣe di ojú màmá àgbà nìyẹn, mo sì ń sọ ọ́ gẹ́gẹ́ bó ṣe rí, torí ojú aránṣọ ti ń ṣú, Bọ́tìnnì ló ń bá a fi òwú sínú abẹ́rẹ́ ní àràárọ̀ kó tó lọ sílé ìwé. Á pọ́n ẹnu òwú lá, á di ojú kan, á tì í wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á wá ní, "Màmá, ó ti wọlé o, ẹ máa ń dà mí láàmú."

Ọdún tó kọjá ni àìsàn náà bẹ̀rẹ̀. Ó kọ́kọ́ jẹ́ sísín, ó di ojú tó ń yún, ó di ikọ́, nígbà tó yá, àyà ọmọ náà ń súfèé tó bá sùn. Dókítà wọn, obìnrin kúkúrú kan tí kì í kánjú sọ̀rọ̀, yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa.

"Eruku ni èèwọ̀ ara rẹ̀, Màmá. Eruku kápẹ́ẹ̀tì, eruku bẹ́ẹ̀dì, eruku aṣọ."

"Dókítà, aṣọ ni iṣẹ́ mi."

"Mo mọ̀. Ẹ jáwọ́ nínú ìgbálẹ̀ ná. Ìgbálẹ̀ kì í kó eruku, ńṣe ló ń jí i lójú oorun. Fákúùmù ni kẹ́ ẹ rà, èyí tó ń fa eruku. Tí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù, ẹ má béèrè bó ṣe ń fà tó. Ẹ béèrè ibi tí atẹ́gùn tó fà ń gbà jáde."

Bàbá Bọ́tìnnì gbọ́, ó sì pè. Ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká wò ó di ìparí táàmù yìí. Bí èémí rẹ̀ bá já geere, kò sí wàhálà. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, màá wá mú un." Abẹ́rẹ́-ò-Sinmi ní òun ti gbọ́. Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó mú àpamọ́wọ́, ó gba ṣọ́ọ̀bù lọ.

Ẹni tó ń tajà níbẹ̀ fi gíláàsì ojú rẹ̀ há orí, ó sì ní ẹnu. Ó fa ẹ̀rọ kan jáde tí ikùn rẹ̀ mọ́ gaara, tí èèyàn lè máa wo ohun tó ń lọ nínú rẹ̀. Ó da eérú sórí ẹní, ó tan ẹ̀rọ náà, eérú pòórá.

"Ẹ wò ó bó ṣe ń yí nínú rẹ̀, Màmá. Èyí ò lo àpò rárá. Tó bá kún, ẹ kàn dà á nù."

Ó wu aránṣọ náà. Ta ni kò ní wù? Ṣùgbọ́n ó rántí ọ̀rọ̀ dókítà.

"Ọ̀gbẹ́ni, atẹ́gùn tó fà wọlé yẹn, ibo ló ń gbà jáde?"

Ọkùnrin náà họ orí. "Màmá, kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí."

"Èmi bi yín."

Wọ́n jọ fọwọ́ wá a lẹ́yìn ẹ̀rọ. Nígbà tí ọkùnrin náà ṣí ikùn rẹ̀ láti da eérú nù, eérú gbéra, ó bà lé imú Abẹ́rẹ́-ò-Sinmi, ó sín lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní kó gbé e padà, pé kì í ṣe ohun tí yóò bá ọmọ òun jà lòun wá rà. Èyí tó kàn burẹ́wà. Ó ki, ó rí bí ẹni tó ń bínú, àmọ́ àpò pépà onípele mẹ́ta wà nínú rẹ̀, asẹ́ kan wà lẹ́yìn, rọ́bà sì yí ìdérí rẹ̀ ká tó fi dí pa. Aránṣọ náà gbé imú sún mọ́ ibi tí atẹ́gùn ń gbà jáde. Kò gbóòórùn nǹkan kan. Èyí ló rà. Ọlọ́jà kó àpò mẹ́ta fún un pẹ̀lú rẹ̀, ó ní, "Ẹ má tún àpò kan lò lẹ́ẹ̀mejì o. Tó bá kún, ẹ sọ ọ́ nù bẹ́ẹ̀."

Ẹ ẹ̀ rí i pé ó mọ̀ ọ́n yàn. Ohun tó ń dùn mí gan-an nìyẹn. Èèyàn tó lọ ra ohun tó kàn ń dán lásán, a lè bú u. Obìnrin yìí béèrè ohun tó yẹ ní bíbéèrè, ó sì ra ohun tó yẹ ní rírà.

Oṣù méjì gbáko ni àyà Bọ́tìnnì fi dákẹ́. Alájẹkì ni ọmọ náà sọ ẹ̀rọ náà. "Màmá, Alájẹkì ti jẹun lónìí?" Àárọ̀ àárọ̀ ni wọ́n ń bọ́ ọ: pálọ̀, abẹ́ tábìlì, yàrá, orí bẹ́ẹ̀dì. Òwú pọ̀ nílé aránṣọ, àpò kìíní kún, èkejì kún. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí táàmù parí, ẹ̀kẹta náà kún. Ó sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù.

"Màmá, àpò ti tán. Àwọn tó ń kó o wá ní ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ méjì ló kù. Ó padà sílé, ó jókòó ti Alájẹkì, ó fa àpò tó kún yẹn jáde. Ó yí i síwájú, ó yí i sẹ́yìn. Àpò lásán. Èèyàn tó ti rán aṣọ ìyàwó tí kò ní òǹkà, tó ti rán kọ́tìnnì fún ilé alájà mẹ́ta! Ó gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó gé etí rẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n, ó tẹ́ pépà náà sórí tábìlì, ó fi ṣe ìwọ̀n. Ó wá aṣọ tí híhun rẹ̀ fún jù nínú ilé, ó ká a ní ìṣẹ́po méjì, ó rán an, ó tún òkè rán. Nígbà tó parí, ó nà án sí oòrùn, kò rí ìmọ́lẹ̀ kankan tó yọ. Ó bu omi sí i, omi jókòó jẹ́ẹ́ fúngbà díẹ̀ kó tó máa kán. Ó ní tí omi bá ń bẹ̀bẹ̀ kó tó kọjá, eruku wo ló láyà? Bọ́tìnnì fúnra rẹ̀ ló wá bọ́tìnnì pupa kan nínú agolo pé kí wọ́n rán mọ́ ọn lẹ́nu, kí Alájẹkì lè mọ̀ pé tòun ni.

Àárọ̀ Sátidé ni wọ́n kọ́kọ́ lò ó. Oòrùn ń wọlé látojú fèrèsé, Abẹ́rẹ́-ò-Sinmi sì rí eruku tó ń fò nínú rẹ̀, ó ń dán, ó ń jó. Ó rò pé èyí tí ẹ̀rọ ń lé kúrò lára kápẹ́ẹ̀tì ni. Ó ti fèrèsé kí ti ìta má bàa bá a wọlé. Yàrá Bọ́tìnnì ló wá fi Alájẹkì gbá jù, lẹ́ẹ̀mejì, nítorí ìfẹ́. Ọmọ náà jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń ya àwòrán.

Kí ọ̀sán tó pọ́n, àwọ̀ ètè ọmọ náà ti yí padà. Oògùn tí dókítà ní kó máa fín sẹ́nu ò ràn án. Awakọ̀ tó ń gbé ilé kejì ló gbé wọn dé ilé ìwòsàn, Bọ́tìnnì wà lórí itan màmá àgbà, ó ń wá èémí bí ẹni tó ń wá nǹkan tó sọnù. Ọlọ́run ṣàánú, wọ́n gbé e dé lásìkò. Ọjọ́ mẹ́rin ló lò níbẹ̀.

Dókítà béèrè ohun tó yí padà nílé. Abẹ́rẹ́-ò-Sinmi ní kò sí, pé àwọn ò tilẹ̀ jẹ́ kí eruku sinmi, ó sì lọ mú àpò náà wá kí dókítà lè rí i. Dókítà gbà á. Ó yẹ ojú ìránṣọ náà wò, ó wá rọra fi í lu orí tábìlì rẹ̀ tó dúdú. Ìyẹ̀fun funfun kan yọ láti ara aṣọ, ó bo tábìlì náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

"Ta ló rán an, Màmá?"

"Èmi ni."

"Ó dára gan-an." Dókítà nàka sí ìyẹ̀fun náà. "Èyí tó ń pa á lára kéré ju ihò aṣọ lọ. Kò sí aṣọ tó lè dá a dúró. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì f'ádìẹ."

Ó gbọ́ ọ. Àpò tòun di fọ́nrán mú, ó di pín-ìn-nì mú, ó di àjákù mú, ó wá ń fẹ́ èyí tó kéré jù jáde sójú ọmọ. Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú pé, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe. Ó sunkún níwájú dókítà, kò bo ojú.

Lọ́jọ́ tí wọ́n padà sílé, Bàbá Bọ́tìnnì dé láti wá mú ọmọ rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ ti gbìyànjú. Mi ò bínú sí yín rárá." Ìbá bú u, ìbá sàn. Obìnrin tó máa ń bá gbogbo ayé jà lọ gbé báàgì ọmọ jáde. Òun ló ká aṣọ ọmọ sínú báàgì, ó ká a dáadáa, etí sí etí. Bọ́tìnnì dúró tì í.

"Màmá, ta ni á máa bá yín fi òwú sínú abẹ́rẹ́?"

Ọmọ náà jókòó, ó kó gbogbo abẹ́rẹ́ tó wà lára tìmùtìmù, méjìlá, ó fi òwú sí wọn níkọ̀ọ̀kan, ó gún wọn padà. Bàbá rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò sì sọ pé ọkọ̀ ń dúró.

Àpò pépà dé ní ọ̀sẹ̀ kẹta, gẹ́gẹ́ bí ọlọ́jà ti sọ. Abẹ́rẹ́-ò-Sinmi rà á lọ́pọ̀. Ó ká kápẹ́ẹ̀tì nílẹ̀, ó kó máṣíìnì lọ sí ìsọ̀ kékeré kan ní títì kejì. Ilé náà mọ́ báyìí, ó mọ́ dé ibi pé ohùn ń dún nínú rẹ̀. Ó pe Bàbá Bọ́tìnnì, ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Ọkùnrin náà ní, "Ẹ ṣeun, Màmá. A ó wò ó." Ẹni tó bá ti tọrọ nǹkan rí mọ ohun tí "a ó wò ó" túmọ̀ sí. Abẹ́rẹ́ mọ́kànlá ló ti lò. Ìkejìlá ṣì wà lára tìmùtìmù pẹ̀lú òwú rẹ̀, kì í fọwọ́ kàn án.

Ọjọ́ Ìsinmi ni ọmọ náà máa ń pè é. Ohun kan náà ni màmá àgbà kọ́kọ́ máa ń bi í.

"Ṣé ò ń wúkọ́?"

"Rárá, Màmá."

Ní Ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, bó ti béèrè tó ń dúró de èsì, ó ká ara rẹ̀ mọ́ ibi tó ti ń retí "bẹ́ẹ̀ ni". Ikọ́ kékeré kan péré, èyí tí kò ní dùn ún, kí wọ́n lè sọ pé kì í kúkú ṣe ilé màmá àgbà ló fà á. Ẹ̀rù ara rẹ̀ bà á. Ọmọ náà ní rárá. Ó ní Ọlọ́run ṣeun, ó sì tún un sọ kí ó lè dá a lójú.

"Ṣé o ti wọ aṣọ tí mo fi ránṣẹ́?" Aṣọ òdòdó kan ni, ó ti tú bọ́tìnnì pupa yẹn kúrò lẹ́nu àpò, ó fi dé ọrùn rẹ̀.

"Ó tì o. Àǹtí ní ká kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì ná," ni ọmọ náà wí, ohùn rẹ̀ mọ́ kedere, kò sí súfèé kankan nínú rẹ̀. "Nítorí eruku ilé wa."

Lẹ́yìn tí fóònù ti kú, Abẹ́rẹ́-ò-Sinmi ò gbé e kúrò létí. Ilé wa ni ọmọ náà pè é. Kò pè é ní ilé yín.