Ìpẹ́ Tó Bọ́ Lójú Mi

Ìgò kékeré kan wà ní ìjọ màmá mi ní Iléṣà. Òróró ólífì ló kún inú rẹ̀, lẹ́ǹsì mi sì wà nísàlẹ̀ òróró náà. Àwọn tó ń lọ wò ó kì í pè é ní lẹ́ǹsì. Ìpẹ́ ni wọ́n ń pè é. Mo ti sọ òótọ́ ibẹ̀ títí ẹnu mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó, kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn.

Láti kékeré ni mo ti ń wọ dígí ojú, èyí tó nípọn dáadáa. Màmá mi gbà pé dígí yẹn ni kò jẹ́ kí ọkọ rí mi. "Ojú rẹ dára," ni wọ́n máa ń sọ, "ṣùgbọ́n o ti fi ìdérí ìkòkò bò ó." Bí mo bá ti fẹ́ wọ ilé wọn, ẹnu ọ̀nà ni mo ti ń bọ́ ọ, màá sì máa táràrà wọlé. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà sú mi, mo lọ bá oníṣègùn ojú kan ní Òṣogbo, nítòsí ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ṣe fọ́tókọ́pì ní Òkè-Fíà. Ó fún mi ní lẹ́ǹsì, èyí tó rọ̀, tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹyin ojú. Ó ní kí n máa fi omi rẹ̀ fọ̀ ọ́ lálaalẹ́, kí n máa fi ìka ra á, bó bá sì ti pé oṣù kan, kí n sọ ọ́ nù.

Ìjẹ̀ṣà ni mí, ọmọ òṣómàáló. Ohun tí mo bá fowó mi rà kì í fi oṣù kan sìn mí kó lọ. Mo lo lẹ́ǹsì náà títí mi ò fi rántí ìgbà tí mo rà á mọ́.

Díẹ̀díẹ̀ ni kùrukùru bẹ̀rẹ̀ sí í bo ilé ayé. Mo bá ẹni tó ń ta íńkì fún mi jà pé íńkì rẹ̀ ti di omi. Mo fọ fèrèsé ṣọ́ọ̀bù, mo tún un fọ̀, mo ní èéfín ọkọ̀ ló bà á jẹ́. Nígbà tí mo padà lọ bá oníṣègùn, ó ní púrótéènì ló dì mọ́ lẹ́ǹsì, irú èyí tó wà nínú ẹyin àti ẹ̀wà. Mo bi í bí ẹ̀wà ṣe dé ojú mi. Ó ní inú omi ojú ló wà, pé ojú máa ń lómi bí a ò tilẹ̀ sunkún, ohun tó wà nínú omi náà ló ń gbẹ mọ́ lẹ́ǹsì, tó ń ki, bí ẹyin ṣe ń gbẹ mọ́ àwo tí a kò tètè fọ̀. Ó ní kí n sọ méjèèjì nù lójú ẹsẹ̀. Mo ra tuntun, mo fi sínú báàgì, mo ní kí n kọ́kọ́ lo èyí tó wà nílẹ̀ tán.

Ojú tó ká mi lára nígbà náà kì í ṣe tèmi. Ohun funfun kan ti bo ẹyin ojú màmá mi méjèèjì. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń wá àga kí wọ́n tó jókòó. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ kékeré ni, ṣùgbọ́n kí a má fi falẹ̀ mọ́. Màmá mi ní abẹ kì í wọ ojú. Mo bẹ̀ wọ́n, mo bínú, mo tún bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n tó gbà pé a ó lọ sí Òṣogbo fún un ní Ọjọ́bọ̀. Mo wá mú wọn ní Iléṣà lọ́jọ́ Ìsinmi, wọ́n sì ní àdúrà ló kù.

Nínú ìjọ, pásítọ̀ pe àwa méjèèjì síwájú. Ó ní ọmọ tí yóò mú ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ ríran dáadáa. Ó ta òróró sí wa níwájú orí. Tèmi ṣàn wọ ojú ọ̀tún, ó ta mí, mo fọwọ́ nù ún, lẹ́ǹsì sì bọ́ sórí aṣọ pupa tó bo tábìlì. Ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ó funfun, ó rí roboto bí ìpẹ́ ẹja.

"Nǹkan bọ́ lójú ọmọ yìí," ni ìyá kan nínú ẹgbẹ́ akọrin wí. "Ìpẹ́ ni."

Kò sí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi tí kò mọ̀ nípa ọkùnrin inú Bíbélì tí ìpẹ́ bọ́ lójú rẹ̀, tó sì tún ríran. Ilé ìjọsìn dìde. Mo ní lẹ́ǹsì mi ni. Pásítọ̀ fi ọwọ́ bo ojú òsì mi, ó na ìka sókè, ó ní, "Mélòó nìyí?" Kùrukùru ni mo rí. Mo rò ó pé ẹni tó ń kánjú kì í na ìka púpọ̀, mo ní méjì. Méjì ni lóòótọ́. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń kábàámọ̀ pé mi ò sọ pé mẹ́jọ.

"Lẹ́ǹsì ni, sà," ni mo tún wí.

"Má bẹ̀rù, ọmọ mi," ni pásítọ̀ dáhùn. "Iṣẹ́ ìyanu máa ń kọ́kọ́ dẹ́rù ba ẹni tó bá ṣẹlẹ̀ sí."

Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti fi í sínú ìgò òróró, àwọn ènìyàn sì ti ń ti Ọ̀tan-Ilé dé láti wò ó. Ọkùnrin kan tó ń wa góòlù ní Ìpẹ́rindó gbé ìgò náà sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ó ní òun kò rí irú rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n kì í ṣe góòlù. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí a délé, màmá mi tú ẹrù tí mo ti dì. "A ò lọ sí Òṣogbo mọ́," ni wọ́n wí. "Ẹni tó bọ́ tìrẹ kò ní fojú fo tèmi dá."

Inú bí mi gidigidi. Mo mú lẹ́ǹsì tuntun jáde, mo gbé e lé wọn lọ́wọ́, mo ní irú ohun tó bọ́ nìyẹn. Wọ́n fi ìka tẹ̀ ẹ́, wọ́n gbé e súnmọ́ ojú.

"Omi ni eléyìí. Èyí tó bọ́ lójú rẹ funfun. Èmi tí mi ò rí ọ̀nà, mo rí i."

Mo lọ fọwọ́, mo padà wá jókòó níwájú wọn, mo sì yọ èyí tó kù ní ojú òsì mi. Mo gbé e lé wọn látẹ́lẹwọ́. Ó funfun bíi ti àkọ́kọ́.

"Òmíràn?" ni wọ́n wí. "Ṣé kì í tán lójú rẹ ni?"

Mo fi omi rẹ̀ ṣàn án, mo fà wọ́n mọ́ra kí wọ́n lè rí mi, mo sì tì í padà sínú ojú. Nígbà tí màmá mi máa sọ̀rọ̀, Ìjẹ̀ṣà ló jáde lẹ́nu wọn.

"Ó padà wọ ulé."

"Ó padà wọlé, Màmá. Ìpẹ́ kì í padà."

"Kí ló wá jẹ́ kó funfun?"

"Dókítà ní omijé ni. Omijé ló gbẹ mọ́ ọn."

"Ẹkún kí lo ń sun tó pọ̀ tó báyẹn?"

Mi ò bá ti ṣàlàyé fún wọn pé ojú máa ń lómi láìsunkún. Ohun tí mo sọ ni pé, "Ẹ̀rù ń bà mí pé ojú yín á fọ́, pé ẹ ò ní rí mi mọ́." Ẹkún wá bú jáde lẹ́nu mi nígbà náà gan-an. Màmá mi dìde, wọ́n fọwọ́ tọ ògiri lọ síbi ẹrù, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dì í padà.

Ìgò náà ṣì wà nínú ìjọ. Pásítọ̀ tilẹ̀ bẹ̀ wá pé kí a gba ohun funfun tí dókítà yọ lójú màmá mi, kí òun fi sí ẹ̀gbẹ́ tèmi. Dókítà ní àwọn ti sọ ọ́ nù, inú pásítọ̀ kò sì dùn sí i.

Ní tèmi, ojú mi pọ́n lẹ́yìn gbogbo eré yẹn, oníṣègùn sì ní kí n padà sí dígí. Ọjọ́ tí wọ́n ṣí báńdéèjì lójú màmá mi, ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni mo dúró sí. Wọ́n wo kọ́tìnì, wọ́n wo nọ́ọ̀sì, wọ́n wá kọjú sí mi. Ọwọ́ mi ti gbéra láti bọ́ dígí náà kúrò lójú bó ṣe mọ́ mi lára. Wọ́n di ọwọ́ náà mú.

"Fi í sílẹ̀," ni wọ́n wí. "Ó yẹ ọ́."