Méjìlá La Lọ, Mọ́kànlá La Bọ̀

Mo rántí ìgbà tí ọwọ́ mi méjèèjì máa ń ta mí bí ẹni pé wọ́n fi ata ra wọ́n, láti ìgúnpá títí dé ọrùn ọwọ́, nítorí bọ́ọ̀lù tí mo ti ń gbà láti àárọ̀. Mo wà nínú ikọ̀ ọkùnrin tó ń gbá fọ́líbọ́ọ̀lù fún orílẹ̀-èdè wa nígbà náà. Bí mo bá sọ fún àwọn ará àdúgbò wa ní Àgùdà pé mò ń gbá bọ́ọ̀lù fún orílẹ̀-èdè, ojú wọn á kọ́kọ́ tàn; tí mo bá wá ní fọ́líbọ́ọ̀lù ni, wọ́n á ní, "Áà, ìyẹn náà dáa," wọ́n á sì bi mí pé màmá mi ńkọ́. Síbẹ̀, mo máa ń wọ aṣọ ìgbáradì wa aláwọ̀ ewé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, iwájú ni mo sì máa ń jókòó sí, kí gbogbo ìjọ lè ráyè ka orúkọ orílẹ̀-èdè tó wà lẹ́yìn mi.

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan la jọ wọ ikọ̀ náà. Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó ni ilé wọn; ìyá rẹ̀, tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Yábàá, ló dá tọ́ ọ dàgbà. Kóòṣì ikọ̀ náà ló rí àwa méjèèjì nígbà tá a ṣì wà nílé ìwé girama ní Múṣín, níbi tí a ti ta okùn sáàárín òpó méjì, tí a pè é ní nẹ́ẹ̀tì. Iṣẹ́ tèmi ni kí n gbé bọ́ọ̀lù sókè. Tirẹ̀ ni kó fò, kó sì gbá a mọ́lẹ̀. Ẹni tó gbá a mọ́lẹ̀ làwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́ fún. Mo rò pé ìyẹn ò dùn mí.

Kóòṣì náà ti gbá fọ́líbọ́ọ̀lù fún orílẹ̀-èdè rí. Bí a bá ń sinmi, ó máa ń sọ ìtàn ikọ̀ náà fún wa: bí àwọn tó ṣáájú wa ṣe ń fi ọkọ̀ rìn lọ díje, tí wọ́n ń sùn sórí ilẹ̀ kíláàsì, tí olúkúlùkù ń fọwọ́ ara rẹ̀ rán nọ́ńbà mọ́ aṣọ, bí wọ́n ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ gba mẹ́dáálì lẹ́ẹ̀mejì, tí kò bọ́ sí i. Àwa la wá gbà á. A na àwọn orílẹ̀-èdè tó múlé tì wá, a rí àyè lọ díje nílùú òyìnbó kan, a sì ṣe ipò kẹta. Èmi ni mo gbé bọ́ọ̀lù tó gbẹ̀yìn sókè, ọ̀rẹ́ mi ló gbá a mọ́lẹ̀. Kóòṣì jókòó, ó fi táwẹ́ẹ̀lì bo ojú, èjìká rẹ̀ sì ń mì.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọjọ́ tá a fẹ́ padà sílé, ọ̀rẹ́ mi ń so okùn bàtà rẹ̀ nínú yàrá wa. Ó ní, "Tí wọ́n bá ń kà wá nínú bọ́ọ̀sì, ẹ má wá mi o."

Mo ní, "Níbo lò ń lọ?"

"Mo ń lọ wọ rélùwéè. Ẹnì kan ń dúró dè mí. Mi ò lè padà sí Èkó lọ máa wojú Mummy lásán mọ́."

"Kóòṣì ńkọ́?"

"Á yé Kóòṣì." Ó bọ́ mẹ́dáálì rẹ̀, ó fi sínú báàgì mi. "Bá mi fún Mummy."

Ó jáde. Mo fọ ẹnu mi. Mo sọ̀kalẹ̀ lọ jẹ búrẹ́dì àti ẹyin méjì, mo tilẹ̀ bu tíì lẹ́ẹ̀kejì.

Nínú bọ́ọ̀sì, Kóòṣì kà wá, a jẹ́ mọ́kànlá. Ó tún wa kà. Ó wá dúró níwájú mi.

"Ṣé o mọ ibi tó wà?"

"Rárá, sà."

"Ṣé ó sọ nǹkan kan fún ẹ?"

"Rárá, sà."

Ọ̀rẹ́ mi kò tíì lọ tó wákàtí kan. Ibùdókọ̀ ojú irin náà kò jìnnà. Ká ní mo la ẹnu ni, wọn ì bá bá a níbẹ̀. Mo ń wo ẹ̀yìn ìjókòó tó wà níwájú mi. Nǹkan kan kò ṣe mí.

Nígbà tá a délé, àwọn aláṣẹ ikọ̀ pe Kóòṣì sí ọ́fíìsì. Òun ló fọwọ́ síwèé pé gbogbo wa á padà. Wọ́n ní ó mọ̀ sí i, wọ́n sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gbé mẹ́dáálì lọ fún ìyá ọ̀rẹ́ mi. Ìwé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ló ń máàkì lọ́wọ́. Ó gbọ́ mi dópin, ó wá ní, "Ṣé ó jẹun kó tó lọ?"

"Ó jẹun, mà."

Kò jẹun. Màmá ní, "Àjò kì í dùn kí onílé má relé," ó sì tún mú báírò rẹ̀. Lójú ọ̀nà, mo ń retí kí ẹkún gbọ̀n mí. Kò gbọ̀n mí.

Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí n tó lọ bá Kóòṣì ní Ìjora, níbi tó ti ń ṣọ́ géètì ilé ìkẹ́rùsí kan. Ó fún mi ní àpótí jókòó, ó bu ẹ̀pà sí mi lọ́wọ́.

Mo ní, "Kóòṣì, ọjọ́ yẹn, mo mọ̀."

"Mo mọ̀ pé o mọ̀. Ìwọ tí kì í wọ bọ́ọ̀sì láìwo ẹ̀yìn bóyá ọ̀rẹ́ rẹ ń bọ̀, o ò wẹ̀yìn rárá lọ́jọ́ yẹn."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wọn?"

"Ẹnì kan ti sọ nù lọ́wọ́ mi. Ṣé kí n wá fọwọ́ ara mi sọ ìkejì nù ni?"

Ọkọ̀ ẹrù kan fọn fèrè. Ó dìde lọ ṣí géètì.

Tíṣà eré ìdárayá ni mí ní Súrùlérè báyìí. Ọ̀rẹ́ mi máa ń pè látòkèèrè. Ara rẹ̀ le, ó sì ń tọ́jú ìyá rẹ̀. Bí wọ́n bá ń ka àṣeyọrí ikọ̀ wa, wọ́n ń ka ipò kẹta yẹn mọ́ ọn, ṣùgbọ́n n kò tíì gbọ́ kí ẹnì kankan dárúkọ Kóòṣì. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ á bá a. Mo ti rò pé lọ́jọ́ tó bá bá tèmi, ara á tù mí, tàbí kó kéré tán, kó dùn mí. Òótọ́ bá a lọ́sàn-án gangan ní Ìjora, lórí àpótí, lẹ́bàá géètì. Mo jẹ ẹ̀pà mi tán, mo kí Kóòṣì pé ó dàbọ̀, mo sì wọkọ̀ lọ sílé.